Oríkì Aya Mi Di Kọ́kọ́rọ́

Ọjọ́ kan wà tí yóò bá mi dé sàréè: ọjọ́ tí èmi àgbàlagbà jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, tí mo ń ké oríkì ìyàwó mi olóògbé sí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, tí àwọn ènìyàn sì ń wò mí bí ẹni tó yẹ kí wọ́n wá okùn fún.

Ìyàwó mi, Wasila, ti lo oṣù méje nílẹ̀ nígbà náà. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń wá ni ohùn rẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, kì í fi ohùn ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù. Bó bá ní ọ̀rọ̀ bá ọ sọ, á ní kí o wá gbọ́ ọ lójúkorojú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, sínú kọ̀ǹpútà wa, nígbà tí Kudi ọmọ wa, tó wà nílé ọkọ ní Bouaké, ní kí ìyá òun kọ́ òun ní ọbẹ̀ ilá. Nígbà tó gbà á tán, ó ní kò dùn ún gbọ́, òun yóò tún un ṣe. Kò rí i tún ṣe. Inú àpò tó ń tọ́jú ìwé ẹgbẹ́ obìnrin mọ́ṣáláṣí sí ló fi í sí nínú ẹ̀rọ náà, ó sì ti àpò náà pa pẹ̀lú mot de passe, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí i.

Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi nígbà náà. Ó ní, "Oríkì mi ni. Bí ẹ bá gbàgbé ìyẹn, a jẹ́ pé ẹ ti gbàgbé èmi náà."

Oṣù méje ni mo fi ṣojo. Ọjọ́ tí mo ní àyà láti gbọ́ ọ, ẹ̀rọ náà kò tàn. Ẹ̀bi mi ni. Mo rí eruku lára rẹ̀ lánàá ọjọ́ náà, mo ní ohun tí ìyá Kudi fọwọ́ kàn kò yẹ kó dọ̀tí báyìí, ni mo bá fi aṣọ tútù àti ọṣẹ nù ún tinú tẹ̀yìn. Ó mọ́. Ó mọ́ débi pé kò tàn mọ́.

Àyà mi ò kọ́kọ́ já, torí mo ti ṣe ẹ̀dà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹrù ní èbúté. Ta ni yóò kọ́ mi ní ẹ̀dà ṣíṣe? Gbogbo ohun tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà náà ni mo ti kó sínú clé kékeré kan tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì sí. Mo gbé òun àti òkú ẹ̀rọ náà, ó di ọ̀dọ̀ Risi.

Risi ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún gbogbo wa. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, Treichville ni wọ́n bí òun sí. Yorùbá rẹ̀ ń tiro, Faransé ló fi ń ṣe ọ̀pá; Tonton, bí ẹni ń pe bàbá, ló ń pè mí.

"Tonton, ẹ ṣe sauvegarde? Ẹ̀dà?"

"Ìwọ Risi, ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀?" Mo yọ clé mi bí ẹni yọ ìwé àṣẹ ọba.

Ó kì í bọ ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó wò ó. Ó tún wò ó. "Tonton, raccourci ni gbogbo ẹ̀."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó gbójú sókè, ó ń wá Yorùbá. "Ọ̀nà àbùjá. Ẹ di ọ̀nà sínú báàgì, ẹ fi ilé sílẹ̀."

Ìyá kan tó ń dúró de tẹlifóònù rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Risi ní kí n má bara jẹ́. Ó tú ikùn kọ̀ǹpútà náà, ó yọ disque dur, níbi tí fáìlì gan-an ń gbé. Ọṣẹ mi ò dé ibẹ̀. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, àpò ìyàwó mi sì yọ lójú rẹ̀, ó ń bèèrè mot de passe.

"Àwẹ̀ró," ni mo wí.

Ó tẹ awero. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀.

Ìyá tó di ògiri mú ní, "Bàbá, bóyá ẹnu yín ló fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ pè é bí ẹ ṣe ń pè é nílé." Mo ti gbọ́ rí pé ẹ̀rọ ayé òde òní ń gbọ́ràn. Mo tẹ̀ síwájú, mo pè é: "Àwẹ̀ró o!" Àwọn tó ń kọjá lọ níta dúró.

Ẹ̀rù wá bà mí pé bóyá lóòótọ́ ni mo ti gbàgbé. Mo pe Àǹtí Ṣìfáwù, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Wasila ní oríkì mìíràn ni? Mo ti pè é títí, kò dáhùn."

"Wasila ni kò dáhùn?"

"Rárá o, ẹ̀rọ ni."

"Bàbá Kudi, ẹ rọra. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín? Ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo ní ṣọ́ọ̀bù Risi ni mo wà, mo tún bẹ̀ ẹ́ fún oríkì náà. Ló bá bú sẹ́kún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki àbúrò rẹ̀ láti orí baba ńlá wọn wá. Risi ń tẹ̀ ẹ́ bí ó ti ń gbọ́ ọ. "Tonton, ó ti gùn jù! Àyè ò gbà á!"

Àṣé bí Àǹtí ti sọ fóònù sílẹ̀ ló pe Alfa mọ́ṣáláṣí wa. Kò pẹ́ rárá tí Alfa fi wọlé, pẹ̀lú ìgò omi àdúrà lọ́wọ́.

"Ẹ̀rọ wo ni wọ́n ní ẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo tọ́ka sí i. Alfa ṣí ìgò. Risi fò dìde, ó da ara bo disque dur náà. "Alfa, pardon! Pardon! Tonton ti wẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀!"

Bó ṣe dojú bolẹ̀ síbẹ̀ lójú rẹ̀ kan bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà mi. "Tonton, níbo lẹ ti ra eléyìí?"

"Èkó. Kudi ló yí i sí Faransé."

Ó gbá iwájú orí rẹ̀. Gbogbo wa nílé la mọ ìwà ẹ̀rọ náà: bọ́tìnnì Èkó, ọpọlọ Abidjan. Bí o bá tẹ A, Q ló ń kọ. Bí o bá tẹ W, Z ló ń kọ. Nínú lẹ́tà lásán, a máa ń rí i, a ó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n mot de passe kì í jẹ́ kéèyàn rí lẹ́tà, àmì róbótó ló ń fi hàn. Àwẹ̀ró rò pé òun ń tẹ orúkọ òun, ẹ̀rọ ń gba nǹkan mìíràn, ó sì tẹ́ kálukú lọ́rùn.

Risi tẹ̀ ẹ́. Àpò ṣí.

"Kí lo tẹ̀?" ni Alfa bèèrè.

Ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ ọ́. "Q… zéro."

Ẹni tó bá gbọ́ Faransé mọ̀ pé bí wọ́n ti ń pe lẹ́tà Q gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pe ìdí ènìyàn. Ìdí, òdo. Ohun tí akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin mọ́ṣáláṣí fi ń ti ìwé ẹgbẹ́ pa láti ọdún márùn-ún nìyẹn. Alfa gbójú sí àjà, ó dé ìgò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ń wo èrò ọkàn."

Kí Risi tó jẹ́ kí n gbọ́ ohunkóhun, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi mẹ́ta, ó sì ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Lẹ́yìn náà ló fún mi ní ohun tí mo máa fi sétí.

"Kudi, kọ́kọ́ fọ ilá rẹ…" Òun ni. Mo di tábìlì mú. Kò tíì dé orí gígé ilá tí ọkùnrin kan fi dá sí i láti ẹ̀yìn, tó ń bèèrè awò ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà tún bèèrè bóyá omi wà nínú pọ́ọ̀ǹpù. Ó tún ṣàlàyé bí ìyá tirẹ̀ ṣe ń se ilá, ó sì ṣe é gùn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Bóyá ni ìyàwó mi fi sọ ìṣẹ́jú kan níbẹ̀. Ní ìparí, ó ní, "Bàbá Kudi, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀." Mo gbọ́ ohùn ara mi tó dáhùn pé, "Ta ló dí ọ lọ́wọ́?" Ibẹ̀ ló parí sí.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kéèyàn ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kó sì ṣí ẹ̀dà náà wò kó tó gbọ́kàn lé e. Èkejì ni pé bí ìyàwó ẹni bá ń gba ohùn sílẹ̀, kéèyàn panu mọ́. Títí di òní, bí mo bá dé ibi "Ta ló dí ọ lọ́wọ́?" náà, ẹ̀rín ara mi a máa pa mí. Màá wá dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, màá tún un gbọ́, láìfọhùn.