Ère Tó Ń Gbé Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, jẹ́jẹ́ ló rìn wọlé, torí orúnkún ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú. Ìyá Aránṣọ ni. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fi téèpù kọ́rùn bí ẹni tó fẹ́ wọn Kábíyèsí fún ṣòkòtò. Ajẹ́ntì tó ń bá a ta ilé ló pè é lẹ́jọ́. Ọmọbìnrin Ìyá wà níbẹ̀, òun ló gbé iṣẹ́ fún ajẹ́ntì. Káfíńtà tó ń gbé òdìkejì títì náà wá jẹ́rìí.

Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ààfin ni wọ́n jókòó sí. Tẹ́lẹ̀, òkè ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́, ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá, Kábíyèsí ní afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ dùn jù.

"Ajẹ́ntì, kí ni Ìyá ṣe fún ọ?"

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ọmọ wọn ní kí n bá wọn wò ó bóyá kí wọ́n ta ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn, kí wọ́n kó lọ síbi tó rọrùn. Èèyàn méje ni mo mú wá wo ilé. Méjèèje ló sá! Kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn nínú wọn. Èmi alára, Ìyá ní àfi tí mo bá mú oníbàárà gidi wá ni mo tó lè gòkè."

"Kí ló lé wọn?"

"Ẹnu Ìyá ni! Wọ́n á ní, 'Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó, ẹ mu omi.' Kí àlejò tó gbé omi mì, wọ́n á ní, 'Òrùlé yìí ń jò níbi méjì, àtẹ̀gùn kẹsàn-án ń ké bí ológbò, yàrá tí ẹ máa sùn sì ni ọkọ mi kú sí.'"

"Ṣé kí n parọ́ fún àlejò ni?" Ìyá Aránṣọ bèèrè.

"Ìyá, ilé ìwòsàn ni ọkọ yín kú sí!"

"Ó ṣáà kú."

Ìjòyè kan fi ìkọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

"Ìyá," ni Kábíyèsí wí, "kí ló dé tí ẹ ń lé oníbàárà?"

"Èmi ò lé ẹnikẹ́ni, Kábíyèsí. Ilé yẹn ni kò gbà. Bí ọkọ bá wá fẹ́ ọmọ, ṣé a ò ní bi ọmọ bóyá ọkọ wù ú? Àwọn méje yẹn wọlé, ilé ò yọ̀ mọ́ ẹnì kan."

"Kábíyèsí, ẹ má dá Màmá lóhùn," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà nínú ilé yẹn, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Mo ti tọ́jú yàrá kan fún wọn lẹ́yìn ilé mi, ó mọ́ tónítóní."

"Orúnkún ta ni? Ojoojúmọ́ ni mò ń gun òkè yẹn bí ewúrẹ́! Ẹ bi Káfíńtà."

Káfíńtà dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lára.

"Òótọ́ ni. Láràárọ̀ tí mo bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, màá rí Ìyá lójú fèrèsé òkè. Màá ní, 'Ẹ káàárọ̀, Ìyá!'"

"Wọ́n á dáhùn?"

"Rárá o. Ọdún méjì rèé, wọn ò dá mi lóhùn rí. Mo ní bóyá torí àga tí mo kàn fún wọn tó wó ni."

Ajẹ́ntì fò dìde. "Irọ́! Láàárọ̀ ni mo máa ń débẹ̀, nídìí maṣíìnì nísàlẹ̀ ni mo sì máa ń bá wọn!"

"Ìwọ lò ń parọ́! Òkè ni wọ́n ń wà, nínú aṣọ aláwọ̀ ewé, ìborùn pupa lórí."

"Aṣọ kan náà lójoojúmọ́?" ni Kábíyèsí bèèrè.

Káfíńtà họ orí. "Hẹn… ojoojúmọ́ ni o. Mo rò pé aṣọ náà ló wù wọ́n."

"Wọn kì í jókòó?"

"Ìyá tó le ni, Kábíyèsí. Wọn kì í jókòó."

Ìyá Aránṣọ ń fi téèpù wé ìka. Ó kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé ẹ̀gbọ́n òun kan ló wá kí òun. Ṣùgbọ́n ó wo ojú Káfíńtà, ó rántí ọdún méjì tó fi ń kíni láìgba èsì, àánú rẹ̀ ṣe é.

"Ère ni," ó wí. "Ère onígi tí mo máa ń gbé aṣọ oníbàárà wọ̀, kí n fi wò ó bóyá ó gún."

"Ère!" Káfíńtà ki orí mọ́lẹ̀. "Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ ọdún tuntun!"

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín títí fìlà ẹnì kan fi já bọ́. Ọmọ Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ìdí tí ẹ fi máa ń ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ àtẹ̀gùn nìyẹn, tí mo bá ti wá? Níbo lẹ wá ń sùn?"

"Lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ọjọ́ tí mo gòkè kẹ́yìn, ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn. Mo ti gbé ère sójú fèrèsé kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, kí ojú má bàa tì mí."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Kí n sọ fún ọ kí o gbé mi bí ẹrù? Mo ti fi téèpù yìí wọn yàrá rẹ. Bí ibùsùn bá wọlé, maṣíìnì á wà níta. Bí maṣíìnì bá wọlé, èmi ni màá wà níta. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo ti ń ránṣọ. Gbogbo yín ń bi mí bóyá màá ta ilé. Ta ló bi mí ibi tí maṣíìnì mi á jókòó sí?"

Ajẹ́ntì ṣí ìwé rẹ̀, ó wá a síwá sẹ́yìn. "Ogún ìbéèrè ló wà níbí," ó rọra wí. "Maṣíìnì ò sí ńbẹ̀."

Kábíyèsí gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ère ló ń gbé òkè, ère ni onílé títí Ìyá á fi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé, kó kọ́kọ́ lọ kí i. Ajẹ́ntì, wá ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Ilé yòówù kí o fẹ́ fi han Ìyá, ìwọ ni wàá ru maṣíìnì lọ síbẹ̀. Bí kò bá wọlé, wàá rù ú padà."

"Kábíyèsí, irin gidi ni!"

"Torí náà, wàá wọn ẹnu ọ̀nà dáadáa kí o tó gbéra. Káfíńtà, kan ibùsùn fún Ìyá sísàlẹ̀ lónìí. Kó má wó o! Láràárọ̀, wàá sọdá títì, wàá kí ẹni tó lè dáhùn. Ìwọ ọmọ wọn, tọ́jú yàrá ẹ̀yìn ilé yẹn dáadáa. Ìwọ náà ń dàgbà bọ̀. Ìyá, ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Ìyá Aránṣọ wo orí ajẹ́ntì bí ẹni tó ń wọn ibi tí ẹrù á jókòó sí.

"Bí maṣíìnì bá ti wọlé, màá ta tèmi. Mi ò sì ní pa ọkọ mi síbẹ̀ mọ́."

Àwọn èèyàn túká. Kábíyèsí nìkan ni kò dìde. Ó fi ọwọ́ pe Ìyá Aránṣọ súnmọ́ra, ó wo àtẹ̀gùn ààfin tó gùn lọ sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ pa orúnkún.

"Ìyá," ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ère yẹn… ṣé ó lè dé adé?"

Ìyá Aránṣọ bọ́ téèpù lọ́rùn.

"Kábíyèsí, ẹ tẹ orí yín síbí."