Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Àlọ

Ọ̀sán gangan ni Tíṣà Mo-Ti-Mọ̀ wọ ilé Ìyá Olówùú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bí ìkókó. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì láàárọ̀, kó lè máa wò ó bó ṣe ń mu tíì. Tíì sì dà sórí orúkọ rẹ̀ gan-an, kò dà síbòmíràn. Bẹ́ẹ̀, aago mẹ́wàá ọ̀la ni ìgbìmọ̀ fẹ́ wo ìwé yẹn kí wọ́n tó fi í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Ìyá Olówùú jókòó ti ẹ̀rọ kan tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń hun ẹ̀wù òtútù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ nìyí?"

"Òun ni. Ẹ jókòó, Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń—"

"Mo ti mọ̀. Aládùúgbò mi gbé ẹ̀wù òtútù tó ti gbó wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tuntun ló gbé lọ sílé. Ẹ̀rọ yín ń sọ ògbólógbòó di tuntun."

"Rárá o. Ẹ̀rọ sọ ọ́ di òwú, èmi ni mo tún un hun. Ohunkóhun tí ẹ bá kó sínú rẹ̀, ibi tó ti wá ló ń dá a padà sí."

"Ohun tí mo wí náà nìyẹn. Nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tó ti wá dé, ṣé kì í ṣe tuntun ni?"

Ìyá Olówùú wò ó bí ẹni ń wo òwú tó ta kókó. Ó mú búrẹ́dì tó jẹ kù, ó jù ú sínú ẹ̀rọ, ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ hanrun díẹ̀. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ìyẹ̀fun ló wà níbẹ̀.

"Kí lẹ rí, Tíṣà?"

"Mo ti mọ̀. Búrẹ́dì yẹn ni ò jinná tó."

"Ó dáa. Ẹ bọ́ bàtà yín ẹsẹ̀ kan."

Tíṣà bọ́ tòsì. Ẹ̀rọ tún hanrun.

"Awọ màlúù nìyí, Tíṣà. Irun ṣì wà lára rẹ̀."

"Ó mà dùn mọ́ mi o. Mo ti ń fura pé rọ́bà ni."

"Tíṣà, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ìwé yẹn lọ sílé. Ibi yòówù kó ti wá, ibẹ̀ náà ló máa padà sí."

"Ibo ni ìwé mi ti wá bí kò ṣe inú orí mi? Ẹ ò lọ ilé-ìwé, Ìyá, mi ò bá yín wí. Alága ìgbìmọ̀ tó máa wò ó lọ́la gan-an ló fún mi ní ìwé náà lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Òun ni olùdánwò wa nígbà náà."

"Ṣé ẹ yege ìdánwò ọ̀hún?"

Tíṣà kọ́kọ́ tún táì rẹ̀ ṣe. "Ìwé rèé lọ́wọ́ mi."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

"Mo ti mọ̀ pé ìyẹn kọ́ lẹ bi mí. Ẹ fa ẹ̀rọ."

"Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ fà á. Ajá tó máa sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

"Mo ti mọ òwe yẹn náà."

Ó ti ìwé bọ inú ẹ̀rọ, ó fà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ò hanrun. Ó dákẹ́ bí ẹni tí ojú ń tì láti sọ ohun tó mọ̀. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan ta ilẹ̀kùn nípàá láti inú.

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Ewúrẹ́ dúdú kan jáde, okùn pupa lọ́rùn. Tíṣà wo ọrùn rẹ̀. Ó mọ okùn náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ta kókó rẹ̀, lẹ́yìnkùlé olùdánwò, lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ìtìjú ò jẹ́ kó mọ ibi tó máa gbójú sí, ewúrẹ́ ní tirẹ̀ sì tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀.

"Tíṣà, ṣé ẹ ti mọ èyí náà?"

Tíṣà wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó wà nílẹ̀ láìsí bàtà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ ọ́ di ìwé padà."

"Ẹ̀rọ yìí ò mọ àlọ. Àbọ̀ nìkan ló mọ̀."

"Ọ̀la wá ńkọ́? Mo ti sọ fún ìyàwó mi. Mo ti sọ fún àwọn àna mi. Mo ti yan ibi tí mo máa gbé àga mi sí ní ọ́fíìsì."

"Ẹ fa ewúrẹ́ yín lọ."

"Síwájú ìgbìmọ̀? Ìyá, ṣé alága máa gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Ìyá Olówùú mú abẹ́rẹ́ ìhunṣọ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ó ṣáà ti gbà á lẹ́ẹ̀kan rí."