Láṣebìkan Dọ̀bálẹ̀ Tòun Tepo

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí ọ̀nà kan ò bá dí, ọ̀kan kì í là? Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀rín lẹ máa fi gbọ́ ọ, àmọ́ kí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín jù rántí ọjọ́ tí wọ́n lé òun náà lẹ́nu iṣẹ́.

Láṣebìkan ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ìlápò lọ́jọ́ yẹn, agbè epo pupa ńlá lórí rẹ̀, òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú. Ọjọ́ kìíní rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ aláàárù nìyẹn. Ojú máa ń ti ọmọkùnrin náà débi pé ìyá rẹ̀ ló fi odindi oṣù mẹ́fà bẹ Ṣówándé elépo kó tó gbà á síṣẹ́. Láàárọ̀, ìyá náà ká òṣùká tuntun fún un, ó ní, "Ọmọ mi, má dójú tì mí o. Bí o bá ti rí àgbà, kí wọn dáadáa."

Àfi bó ṣe rí Bàbá Agboọlá, ẹni tó dàgbà jù nílùú, tó ń gòkè bọ̀.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹni tó rẹrù kì í dọ̀bálẹ̀, ẹnu ló fi ń kí àgbà. Láṣebìkan náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì í, ara rẹ̀ bá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó nà gbalaja.

Agbè fọ́. Epo dà.

"Ọmọ dáa..." ni Bàbá Agboọlá sọ dé tí epo fi gbé e lẹ́sẹ̀. Ó yọ̀ gẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́, fìlà rẹ̀ ò tiẹ̀ yẹ̀. Ìyá arúgbó kan sáré wá gbé e, òun náà yọ̀ lé e lórí. Ta ni yóò rí àgbà méjì nílẹ̀ tí kò ní kí wọn? Láṣebìkan tún dọ̀bálẹ̀.

Ṣówándé gbọ́ ariwo, ó sáré já wá láti òkè. "Epo mi! Epo mi!" Kò rí ibi dúró. Bó ṣe ń yọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Láṣebìkan, ọmọ náà ní, "Ẹ kú ìrìn o, ọ̀gá."

"Ìrìn wo? Mo ti lé ọ!" Kò tíì dé ìsàlẹ̀ tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Láṣebìkan ò lè gba àárín àwọn tó ń wò ó kọjá. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣàkíyèsí pé àwọn ewúrẹ́ kì í gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, síbẹ̀ wọ́n máa ń ṣáájú èèyàn délé, èèmọ́ á sì lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ó yá àdá lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan, ó ń ṣán igbó bó ṣe ń tọ ipa wọn gba ẹ̀yìn òkè. Oòrùn ò tíì wọ̀ tó fi dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀.

"Wọ́n ti lé ọ?" ni ìyá rẹ̀, tó ti gbọ́, bi í.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá rẹ̀ yọ èèmọ́ kan kúrò létí ṣòkòtò rẹ̀. "Wá jẹun."

Ní ọjọ́ kejì, ìjàlọ ti gbọ́ òórùn epo. Wọ́n bo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bámúbámú, ẹsẹ̀ kan ò lè tẹ ibẹ̀. Làwọn èèyàn bá gba ọ̀nà tí Láṣebìkan là. Kò ga, ó ní ibòji, ó sì tún yá. Láṣebìkan ri igi méjì mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi igbá kan, ó gbé ìtì lé wọn lórí ní ìwọ̀n gíga èèyàn, kí ẹni tó bá rẹrù lè ti ẹrù rẹ̀ síbẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kó sì tún gbé e. Baálẹ̀ gbọ́, ó ní kó di olùtọ́jú ọ̀nà. Ìjàlọ lọ tán, kò sẹ́ni tó padà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Ṣówándé fúnra rẹ̀ ń ru epo bọ̀. Bàbá Agboọlá yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣówándé fi ọwọ́ méjèèjì di agbè orí rẹ̀ mú.

"Ẹ ti ẹrù yín síbí, ọ̀gá," ni Láṣebìkan wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ṣówándé ti epo sórí ìtì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀kán epo kan ò jábọ́. Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ àyà rẹ̀ nù, ó wo ìtì, ó wo Láṣebìkan.

"Họ́wù," ló ní. "Bí ọ̀nà kan ò bá dí, ọ̀kan kì í là."

Ó gbé epo rẹ̀ rù, ó lọ.