Bí Olóyè Ọládùnjoyè Ṣe Tú Táyé Sílẹ̀

Ẹ bá mi kí Olóyè Ọládùnjoyè o, ẹ̀yin ará Torino, ẹ̀yin ará Padova, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Mestre tí ẹ ń ṣe bí ẹni pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ààrẹ Gbogbo Ọmọ Yorùbá ní Àríwá Ítálì! Baba Àṣà! Agbẹnusọ fún ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́! Ẹ má bi mí léèrè ọba tó fi í joyè. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta gàrí ní Torino ló ti fi ara rẹ̀ joyè, lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan tí ọjà kò yá.

Olóyè kì í sọ̀rọ̀ bíi tiwa. Bí o bá ní òtútù mú lónìí, á ní òun ti bá wọn sọ ọ́ ní Róòmù. Bí ọkọ̀ ojú irin bá pẹ́, á ní kí ẹ fi sílẹ̀, òun mọ ọ̀gá wọn.

Onígbàjámọ̀ ni mí ní Via Piave ní Mestre, etí mi sì ti gbọ́ oríṣiríṣi. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sórí àga mi, ọ̀rọ̀ Táyé ló ń sọ. Táyé, ọmọ Sàdíátù, tí wọ́n bí sí Padova, tó gbé Via Anelli ní kékeré kí wọ́n tó kó gbogbo èèyàn kúrò níbẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó gba ìwé ọmọ Ítálì. Ó wá lọ kàwé sí i ní orílẹ̀-èdè kan lókè òkun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ jáde sí títì láti fi ẹ̀hónú hàn sí ìjọba wọn, Táyé bá wọn jáde, ni wọ́n bá gbé e jù sẹ́wọ̀n. Oṣù ń gorí oṣù, kò tíì fojú kan adájọ́.

Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn òyìnbó kan ń wí nínú báà pé, "Italiano? Con quel nome?" pé ọmọ Ítálì wo ló ń jẹ́ irú orúkọ yẹn. Àwọn mìíràn ní ìwé ìrìnnà Ítálì ló wà lápò ọmọ náà, kí ìjọba lọ gbà á wálé. Àwa náà ò dákẹ́. Oníbàárà mi kan ní, "Ta ló rán an? Wetin concern am?" Ẹni tó tẹ̀ lé e bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn débi pé ó dìde lórí àga mi pẹ̀lú irun tí mo gé dé ìdajì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tí Olóyè gbọ́ pé tẹlifíṣọ̀n ti ń dá sí i, ó wọkọ̀ láti Torino, ó di Padova. Kò rí Sàdíátù rí láyé rẹ̀. Ó jókòó sí pálọ̀ obìnrin náà, ó jẹ ìrẹsì, ó tún bu òmíràn.

"Ìyá Táyé, ẹ nu ojú yín nù. Èmi àti ọmọ yín máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

"Nínú ẹ̀wọ̀n, sà? Èmi tí mo bí i, wọn ò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀."

"Fóònù olóyè yàtọ̀."

Sàdíátù wo àwo tó ti ṣófo níwájú Olóyè, ó gbé e lọ fọ̀. Àgbà ni, àlejò sì ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn consigliere, ìyẹn àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, wá sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Padova láti gbọ́ tẹnu aráàlú. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, wọ́n máa gbé àwòrán Táyé kọ́ síwájú ilé ìjọba ìlú, wọ́n á sì kọ̀wé sí Róòmù pé kí wọ́n lọ gba ọmọ wọn. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, àwọn oníròyìn á wá nǹkan mìíràn kọ, ọmọ Sàdíátù á sì di ẹni ìgbàgbé. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wá.

Ẹ̀rù kò ba Olóyè ní tirẹ̀, ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ Táyé lórí tẹlifíṣọ̀n àti rédíò látọjọ́ tó ti jẹ ìrẹsì yẹn. Agbádá tó wọ̀ wá, èèyàn mẹ́ta ló lè gbà. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti sọ̀rọ̀, Olóyè sì lo gbogbo tirẹ̀ láti fi ka oyè ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Mínísítà pè mí lánàá! Mo ní, Onorevole, ẹ jókòó ná ká tó sọ̀rọ̀. Ó sì jókòó!"

Bíọ́dún, aláwàdà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan, pariwo láti ẹ̀yìn. "Bàbá, báwo lẹ ṣe rí i tó jókòó lórí fóònù?"

Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé. Ó rù, irùngbọ̀n ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n bíi ti ẹni tí kò sùn. Ojú tó wà lára aṣọ ńlá tí wọ́n ya àwòrán Táyé sí, tí wọ́n ta sẹ́yìn Olóyè, ojú yẹn náà ni.

Olóyè wo aṣọ, ó wo ọ̀dọ́kùnrin, ó tún wo aṣọ. Táyé ti dé! Kò mọ ẹni tó tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó máa gba ìyìn rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó lanu.

"Eccolo! Òun nìyí!" ló fi igbe ta. "Mo ní màá mú un wá, mo sì mú un wá! Mo sọ fún mínísítà pé bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ọmọ yìí ò tíì dé Padova, èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ máa wò ó! È libero! Ó ti gba òmìnira!"

Àwọn oníròyìn fò dìde, wọ́n ń pe iléeṣẹ́ wọn. Ìyá òyìnbó tó jẹ́ alága àwọn consigliere mí kanlẹ̀, ó ní "Meno male," pé ọpẹ́ ni, ó sì ń wá kóòtù rẹ̀. Bí ọmọ bá ti dé, kí ni wọ́n tún fẹ́ fọwọ́ sí?

Sàdíátù dìde. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀..."

"Ẹ má sunkún mọ́, Ìyá Táyé! Ẹ máa yọ̀!" Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti fi agbádá gbé ọ̀dọ́kùnrin náà mì. "Ọmọ mi, sọ fún wọn. Ta ló yọ ẹ́?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà wá ọ̀nà jáde nínú aṣọ, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa. "Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ bá mi sọ fún capo, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, pé kó yọ èmi náà. Ilé iṣẹ́ tí a ti ń gé ẹran ní Modena ni mo ti ń bọ̀, mo sì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ fún turno, iṣẹ́ àárọ̀ ọ̀la."

"Modena? Ṣé wọ́n ti gbé ẹ̀wọ̀n wá sí Modena ni?"

"Èmi kọ́ ni Táyé, sà. Kẹ́hìndé ni mí."

"Kẹ́hìndé? Kẹ́hìndé bíi ti báwo?"

"Bíi ti gbogbo Kẹ́hìndé, sà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín! Bíọ́dún jábọ́ lórí àga, ó tún fa àga lulẹ̀. Baba Àṣà! Ó pe Táyé lórí tẹlifíṣọ̀n, ó pe Táyé lórí rédíò, kò fìgbà kan rántí pé Táyé kì í dá wá sáyé! Peace, ọmọ Olóyè obìnrin tó bá a wá, fi ìwé ìròyìn bojú, ó ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jókòó. "Papà, ti prego, siediti."

"Ẹ jẹ ìrẹsì mi, sà," Sàdíátù wí. "Ẹ̀yin Baba Àṣà. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí pé, ìkejì rẹ̀ dà?"

Ṣùgbọ́n Sàdíátù rí i pé alága ti wọ apá kan kóòtù. Oníròyìn kan ti ń ká wáyà, ó ń kùn pé wọ́n pe òun wá wo ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu obìnrin náà. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó tì í sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Èdè Ítálì ni Kẹ́hìndé fi sọ ọ́. "Nílé wa, èmi tí wọ́n bí kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo rán Táyé ṣáájú, pé kó lọ bá mi tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Iṣẹ́ yẹn ló ń jẹ́ látìgbà náà. Ó dé ibẹ̀ yẹn, ó tọ́ ọ wò, ó korò, ó sì pariwo pé ó korò. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe tì í mọ́lé. Èmi ni mo rán an. Ẹ dákun, ẹ bá mi pè é padà."

Mo sunkún, n kò ní purọ́. Alága bọ́ kóòtù, ó na ọwọ́ sókè. Àwọn consigliere yòókù na tiwọn, àfi ẹnì kan tó ṣì wà lórí fóònù, tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé Táyé ti dé.

A jáde sí gbàgede kí àwọn oníròyìn lè ya fọ́tò. Igi méjì ló gbé aṣọ àwòrán náà dúró. Kẹ́hìndé di ọ̀kan mú. Olóyè ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ nígbà tí Sàdíátù rí i.

"Bàbá, ẹ má tíì lọ. Ẹ ṣáà ní ẹ fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Ẹ wá di igi kejì mú."

Kí ló fẹ́ wí níwájú gbogbo ayé? Ó dì í mú. Atẹ́gùn fẹ́, aṣọ sì bò ó látòkè délẹ̀, tòun ti agbádá. Kámẹ́rà ń dún kọ́ọ́, kọ́ọ́.

"Ìyá Ìbejì," ohùn kékeré kan jáde lẹ́yìn aṣọ, "ṣé wọ́n ń rí mi?"

"Rárá, sà. Táyé ni wọ́n ń rí. Ẹ gbé e sókè sí i."