Ìyá Kúdí àti Máàpù Ọ̀pọ̀lọ́

Ọjọ́bọ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì kan ní Yàbá nígbà náà, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ tẹ́lọ̀, aránṣọ, ní Pápá Àjàó ní Mùṣin. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo fẹ́ lọ ṣàlàyé ọ̀pọ̀lọ́ kan níwájú kíláàsì. Orí ilẹ̀ ló ń gbé, láàárín ewé gbígbẹ nínú igbó Gúúsù Amẹ́ríkà, láti Kòlóńbíà títí dé Bòlífíà. Àwọn onímọ̀ ò yé ṣí i kiri nínú ìwé wọn, láti ẹbí kan sí òmíràn. Bí wọ́n bá ní ẹbí báyìí ló ti wá, àwọn mìíràn á ní rárá o.

Mo nílò máàpù. Mo rí aṣọ funfun kan lórí tábìlì ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣe bí èyí tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ ni. Ọlọ́gbọ́n èmi! Mo fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ búlúù tó fi ń sàmì sí aṣọ ya Gúúsù Amẹ́ríkà sí i, ó gbòòrò lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Mo fi pínnì gún gbogbo ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ náà ń gbé, mo bá lọ wẹ̀.

Ẹ sì mọ tẹ́lọ̀: ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá gbà ni àlùmọ́gàjí ń gbà. Nígbà tí mo fi jáde, ẹ̀gbọ́n mi ti gé e tán, ó gbé e sókè, ó ń wò ó.

"Ta ló fa ìlà yìí? Mo ṣe bí èmi ni mo fa apá bùbá sí i lánàá, nígbà tí oorun ń kùn mí! Mo tiẹ̀ tún rí pínnì lára ẹ̀!"

Bùbá Ìyá Kúdí, oníbàárà ẹ̀gbọ́n mi, ni. Fìdáù, àdúrà ọjọ́ kẹjọ ikú bàbá rẹ̀, ni láàárọ̀ náà, bàbá ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló sì ra aṣọ náà fún un kí ó tó kú. Òmíràn kò sí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ojú tì mí débi pé ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ibẹ̀ ni Ìyá Kúdí wọlé, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo bà á jẹ́."

"Kí wá ni èyí?"

Mo ṣàlàyé ọ̀pọ̀lọ́ fún obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó bi mí pé:

"Tí wọ́n ṣe ń ṣí i kiri yẹn, ṣé òun náà ń kó kiri ni?"

"Rárá mà. Ibi tó wà náà ló wà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ló ń yí."

"Bàbá mi gan-an nìyẹn. Tí wọ́n bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wọn, àwọn ará ibẹ̀ á ní ará Èkó dé. Ní Mùṣin níbí, ará òkè ni àwọn ènìyàn ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú. Bàbá mi kàn jókòó sí Pápá Àjàó wọn ni."

Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi èyí tó ṣẹ́kù rán apá péńpé, kí ó sì ká etí èyí tí mo bà jẹ́ fún òun, kí òun lè fi ṣe ìbòrí. Bí Ìyá Kúdí ṣe fi Gúúsù Amẹ́ríkà borí lọ síbi àdúrà bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Ní Yàbá, olùkọ́ wa ní, "Máàpù rẹ dà?"

"Ó ti lọ sí fìdáù, sà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ fún mi ní òdo. Mi ò bá a jiyàn. Mo ti kọ́ ọgbọ́n: ẹni tó ń gbé ilé tẹ́lọ̀, kó má fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibo ni ọ̀pọ̀lọ́ náà ń gbé, Pápá Àjàó ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu.