Aṣọ Aró Lẹ́nu Géètì Dàrẹ́kítọ̀

Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni Awóníyì.

Bí ẹ bá bi òun fúnra rẹ̀, yóò ní ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni. Bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ṣe fẹ̀yìn tì, yóò ní dàrẹ́kítọ̀ ni òun. Akọ̀wé àgbà ni. Ṣùgbọ́n gbogbo òpópó rẹ̀ ní Ọ̀fàtẹ̀dó ló ń pè é ní Dàrẹ́kítọ̀, torí ẹni tó bá pè é ní Bàbá Ẹ̀bùn kò ní í gbọ́ ìdáhùn.

Dàrẹ́kítọ̀, agbé-fáìlì-bí-ẹni-gbọ́mọ. A-wọ-kóòtù-da-ilẹ̀-nù. Ọkùnrin tó ń kí ni káàárọ̀, tí ìkíni rẹ̀ ní abala àkọ́kọ́ àti abala kejì.

Nígbà tí kòrónà dé, ìjọba ní kónílé-ó-gbélé. Ojúlé méjìlá ló wà ní òpópó náà, arúgbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ọmọ wọn wà l'Ékòó, Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn, wọn ò lè wá. Wọ́n pe ìpàdé, kí wọ́n mọ bí wọn yóò ṣe máa mójú tó ara wọn. Oníkálukú gbé àga tirẹ̀ wá síta, wọ́n jókòó jìnnà síra, wọ́n bo imú.

Awóníyì dìde. Ó gbé ìwé kan sókè. Ogún ojú ìwé ni. Òkè Fìà ló ti lọ fi wáyà dì í lẹ́yìn kí wọ́n tó ti ìlú pa.

"Àkọlé rẹ̀ ni: Ìlànà Gbogbonìṣe Àkànṣe fún Ìgbáradì, Ìdènà àti Ìṣàkóso Pàjáwìrì láàrin Àwọn Ọlọ́jọ́-Lórí."

Ẹnì kan wúkọ́. Gbogbo orí yí sí i. Ó sáré ní itọ́ ló há òun lọ́fun.

"Ọjọ́ méjì péré ni mo fi kọ ọ́," ni Awóníyì wí.

"Ọjọ́ méjì! Ọpọlọ gidi rèé o," ni Bàbá Sàláúdéènì wí. Télọ̀ ni bàbá yìí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Òun nìkan ló ń gbé ojúlé tó kẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá a fínra.

Awóníyì ka ojú ìwé mẹ́ta. Oòrùn kúrò lórí òrùlé kan, ó bọ́ sí òmíràn. Ó kan ìgbìmọ̀, ó kan ìgbìmọ̀ kéékèèké, ó kan ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣọ́ àwọn ìgbìmọ̀. Òun sì ni alága gbogbo wọn.

Nígbà tó mẹ́nu kúrò láti mu omi, Ìyá Àpìkẹ́ dìde. Aláró ni. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì mọ̀wé.

"Aṣọ méjì-méjì ni n ó fún ojúlé kọ̀ọ̀kan. Funfun kan, aró kan. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ara yín bá le, ẹ so funfun mọ́ géètì. Tí nǹkan bá ń ṣe yín, ẹ so aró. Kifayat yóò yà wò yín, a ó sì gbé oúnjẹ wá. Ẹni tí kò bá so nǹkan kan títí aago mẹ́sàn-án, a ó já ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé. Ó tán."

Ó jókòó. Nọ́ọ̀sì ni Kifayat, òun nìkan ló sì ní ìwé àṣẹ láti máa gun ọ̀kadà kiri.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Ìyá Àpìkẹ́. Ojú Awóníyì le. Wọ́n bá ní kí àwọn gba ìwé tirẹ̀ náà wọlé, kí inú má bàa bí i.

"Gbogbo abala rẹ̀?" ni ó bi wọ́n.

"Gbogbo ẹ̀!"

"Ẹ ó tẹ̀ lé e láìyẹsẹ̀?"

"A ó tẹ̀ lé e!"

Ebi ló ti ń pa wọ́n. Kò sí ẹni tó ṣí i wò. Bàbá Sàláúdéènì nìkan ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú un lọ, pé òun ò kúkú ní ohun tí òun ń ṣe nílé.

Awóníyì mú aṣọ tirẹ̀ délé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi? Ṣé adìyẹ ni mí, tí wọ́n ń so aṣọ mọ́ lẹ́sẹ̀ kó má bàa sọnù?"

Ó fi ti aró nu bàtà. Funfun ló ń so láràárọ̀, kí wọ́n má bàa já ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé.

Ìyàwó rẹ̀ kò sí nílé. Ìjẹ̀ṣà ni ìyá náà. Ó ti lọ sí Iléṣà lọ wẹ ọmọ tuntun fún Ẹ̀bùnọlá ọmọ wọn, ibẹ̀ ni kónílé-ó-gbélé ká a mọ́. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó kó ogún iṣu sílẹ̀, ó gbé àpò gàárì kan sílẹ̀, ó sì se ọbẹ̀ kún inú fìríìjì.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọbẹ̀ tán. Iṣu wà. Gáàsì wà. Iyọ̀ wà. Ẹni tí yóò pa wọ́n pọ̀ ni kò sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Awóníyì, kò fọwọ́ kan ìkòkò rí, àfi ìgbà tó ń kọjá lọ tó kọsẹ̀ lára rẹ̀.

Ó ń mu gàárì. Àárọ̀, gàárì. Ọ̀sán, gàárì. Ní ọjọ́ kẹta tó ti ń mu ún, inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ju òun alára lọ.

Ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Bàbá Ẹ̀bùn, kí lẹ jẹ?"

"Mo ti ṣètò oúnjẹ."

"Kí lẹ sè?"

"Oríṣiríṣi."

Ó lè sọ òtítọ́ fún un. Ó lè ké sí Ìyá Àpìkẹ́ láti ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n báwo ni dàrẹ́kítọ̀, tó kọ ìgbáradì ogún ojú ìwé, yóò ṣe sọ fún aláró pé òun ò mọ iṣu sè?

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n gbé abọ́ kan kọjá lẹ́nu géètì rẹ̀, wọ́n ń gbé e lọ fún ẹni tó so aró. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ẹ̀wà àti ẹja díndín. Òórùn rẹ̀ kò kan géètì, ó gba ojú fèrèsé wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aṣọ aró wà lẹ́nu géètì Dàrẹ́kítọ̀. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ aró, ìdajì tó kù jẹ́ pólíìṣì bàtà.

Ojúlé rẹ̀ ló ṣíwájú ní òpópó, òun ni Kifayat kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Daddy. Kí ló ń ṣe yín?"

Awóníyì nà sórí àga gbọọrọ, ó wọ kóòtù.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ti kú."

"Ó kú báwo, sà?"

"Pátápátá."

Kifayat yẹ̀ ẹ́ wò. Ara kò gbóná. Ẹ̀jẹ̀ ń lọ geere. Ó tẹ ẹsẹ̀ náà, ẹsẹ̀ náà ta á nípàá.

"Ó ń mì, Daddy."

"Bí òkú ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn."

Abọ́ dé. Awóníyì jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu ìdí abọ́. "Bá mi sọ fún wọn pé ẹja kéré." Ó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn iṣẹ́ ìjọba tó ṣe. Wákàtí kan ni Kifayat fi wà lórí ìdúró.

Ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ òsì lọ bá ti ọ̀tún. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ni wọ́n gbé wá. Ìtàn gùn ju ti àná lọ. Kifayat ń wo aago. Ó ń yọjú wo ìparí òpópó, níbi tí aṣọ aró mìíràn ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́nu géètì Bàbá Sàláúdéènì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá náà ti tán láti àná. Inú báàgì Kifayat ni tuntun wà.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n lọ. Bàbá Sàláúdéènì ń dúró dè mí."

"Ṣe sùúrù. Mi ò tíì dé ibi tí wọ́n ti fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ."

Nígbà tí Kifayat máa fi dé ibẹ̀, ilẹ̀ ẹnu balùwẹ̀ ló ti bá Bàbá Sàláúdéènì. Òòyì ló kọ́ ọ, ó ṣubú. Kifayat gbé e dìde, ó fún un lóògùn, ó jókòó tì í títí ojú rẹ̀ fi là. Ká ní ìwé ẹ̀yẹ Awóníyì jẹ́ méjì ni, ìtàn yìí kì bá tí ṣeé rẹ́rìn-ín sí.

Ìyá Àpìkẹ́ gbọ́. Ó lọ sí ẹnu géètì Awóníyì, ó wo aṣọ náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Pólíìṣì. Ó lọ kí Bàbá Sàláúdéènì.

"Ìyá Aláró," ni bàbá wí láti orí ibùsùn, "ẹ fún mi ní awò mi. Ẹ jẹ́ n ka abala kan fún yín."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, Awóníyì ń retí abọ́. Ẹ̀rín ló gbọ́ láìgbọ́ ìró abọ́. Ó yọjú ní fèrèsé. Gbogbo òpópó ti jáde, oníkálukú dúró síwájú géètì tirẹ̀. Wọ́n ti gbé Bàbá Sàláúdéènì sórí àga ní òdìkejì ọ̀nà, ó so awò mọ́jú, ìwé oníwáyà náà wà lórí itan rẹ̀.

"Abala kẹrìnlá," ni bàbá kà. "Àgbàlagbà tó bá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, kí a yọ ọ́ kúrò láàrin agbo."

"Láàrin kí ni?" ni ẹnì kan bi.

"Agbo. Kí a so ó mọ́ èèkàn níbi ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kí a máa fi omi gbígbóná fọ pátákò rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kí a má fún un ní ohunkóhun jẹ, àfi koríko tútù."

Awóníyì ti orí bọ ojú fèrèsé, ó pariwo:

"Ta ló kọ ìsọkúsọ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Dàrẹ́kítọ̀."

Fáìlì àrùn màlúù ni ìwé náà, èyí tí Awóníyì gbé wálé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti kọ màlúù ló ti pa á rẹ́, tó sì kọ àgbàlagbà sí i. Ìdí tó fi parí lọ́jọ́ méjì nìyẹn. Pátákò ni kò rántí.

"A sì ti gbà á," ni Ìyá Àpìkẹ́ wí. "Gbogbo abala rẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé, aṣọ aró sì wà lẹ́nu géètì. Kifayat, ẹ wọlé."

Kifayat gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó ń rú èéfín. Ùsmán, tó ń sin ewúrẹ́, tẹ̀ lé e. Okùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìdì koríko tútù wà lọ́wọ́ òsì.

Ẹsẹ̀ méjèèjì tó ti kú jí lẹ́ẹ̀kan náà. Awóníyì gba ẹ̀yìnkùlé, ó yí táǹkì omi po lẹ́ẹ̀mejì, ó fò gun orí fẹ́ǹsì. Gbogbo òpópó ń wò ó lókè níbẹ̀: kóòtù lókè, ṣòkòtò péńpé nísàlẹ̀.

"Èwo ló kú nínú wọn, Daddy?" ni Kifayat bi í.

"Ebi ni!" ni Awóníyì ké. "Ebi ló ń pa mí! Mi ò mọ iṣu sè!"

Kifayat ti pe Iléṣà sórí fóònù. Ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn gbọ́.

"Bàbá Ẹ̀bùn! Ogún iṣu ni mo kó sílẹ̀! Mélòó ló kù?"

Awóníyì wolẹ̀.

"Ogún."

Ùsmán ju koríko sílẹ̀, ó di ikùn mú. Ìyá Ẹ̀bùn bú sí èdè Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó yé ẹni tó wà lórí fẹ́ǹsì.

Ìyá Àpìkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ebi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Bàbá Ẹ̀bùn. Ẹ̀ bá sọ, à bá gbé e wá. Ṣùgbọ́n Bàbá Sàláúdéènì ṣubú."

Awóníyì wo òdìkejì ọ̀nà. Bàbá Sàláúdéènì ń ṣí ìwé lọ, ó ń wá abala mìíràn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bó ṣe ń gbọ̀n yẹn ni Awóníyì kò lè wò mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí fẹ́ǹsì jẹ́ẹ́.

"Kí ni kí n ṣe?" ni ó bi wọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, kò bi wọ́n ní irú ìbéèrè yìí rí.

"Ẹ se iṣu náà. Fún ẹni méjì," ni Ìyá Àpìkẹ́ wí.

Ojú fèrèsé ni Ìyá Àpìkẹ́ dúró sí kọ́ ọ. Òun wà níta, Awóníyì wà ní ilé ìdáná.

"Ẹ bẹ ẹ́. Ẹ rọra! Èèpo ni mo ní kí ẹ bẹ, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ iṣu náà tán."

"Ṣé kí n da omi sí i?"

"Àbí ẹ fẹ́ yan án nínú ìkòkò?"

Ó dáná. Ó fò sẹ́yìn. Ó tún sún mọ́ ọn. Ó gbàgbé iyọ̀. Èyí tó wà lókè ìkòkò rọ̀ dáadáa, òun ló bù sínú abọ́, tó fi aṣọ aró rẹ̀ bò, tó fúnra rẹ̀ gbé lọ sí ojúlé tó kẹ́yìn, tó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu géètì, tó sì sún sẹ́yìn. Bàbá Sàláúdéènì, ẹni tí dókítà ti ní kó jáwọ́ nínú iyọ̀, jẹ ẹ́ tán. Ó ní kò tíì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sè é fún òun tó èyí.

"Ẹ ó tún gbé e wá lọ́la, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Awóníyì wí.

Ìdí ìkòkò ló jẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti jóná.