Mo-Ti-Mọ̀ Ṣe Àmín fún Kọ̀ǹpútà

Àìsàn pọ̀ láyé o, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣe ọkùnrin yìí kò ní oògùn: kò lè sọ pé "N kò mọ̀." Bí ẹnu rẹ̀ bá fẹ́ sọ ọ́, ikọ́ á kọ́kọ́ gbé e. Ibùsùn ló ń tà, ṣùgbọ́n kò sí oníṣẹ́ tí kì í kọ́ ní iṣẹ́. Ó kọ́ awakọ̀ ní ọkọ̀ wíwà, ó kọ́ agbẹ̀bí bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí! Bí ẹ bá sọ fún un pé ilé rẹ̀ ń jó, á ní, "Mo ti mọ̀." Bí àdúgbò ṣe ń pè é ní Mo-Ti-Mọ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Ojú tirẹ̀ kì í tíì rí tí ẹnu á ti máa ròyìn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò ìyàwó rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà wá sílé wọn. Ọmọ náà ti wá iṣẹ́ títí, bàtà ti jẹ tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi fóònù ran àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn dàrú lọ́wọ́ wá pè é láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti fẹ́ ṣe é, ní aago mẹ́wàá. Bí èyí bá bọ́, kò mọ ibi tí òmíràn á ti wá.

"Àbúrò mi, lọ wẹ̀," ni Mo-Ti-Mọ̀ wí. "Màá bá ọ tún kọ̀ǹpútà yìí ṣe sílẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Mo ti mọ̀ pé wàá sọ bẹ́ẹ̀."

Bí ọmọ yẹn ṣe wọ balùwẹ̀ báyìí, ọ̀gá ti jókòó tì í. Ó ní òun ń wá ohun tí í mú kọ̀ǹpútà yára, ó sì rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni! Àwọn tó gbé e síbẹ̀ mọ irú wa dáadáa. Wọn ò kọ "Gbà" tàbí "Má gbà" sí i. Àdúrà ni wọ́n kọ: "Oríire rẹ kò ní kọjá rẹ. Tẹ ÀMÍN."

Háà! Ta ni wọ́n bí tí á rí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ tí á dákẹ́? Ó tẹ̀ ẹ́. Òmíràn tún yọ: "Ojú kò ní tì ọ́ láé. Tẹ ÀMÍN." Èyí ló fi gbogbo ara tẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn àmín yẹn ju àdúrà lọ. Gbogbo àmín tó ń ṣe ló ń gbé àfikún kan wọlé, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí í lẹ̀ mọ́ ohun tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Nígbà tó tún ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojú-ewé tó máa ń kọ́kọ́ yọ ti lọ. Ohun tó bá níbẹ̀ pupa yòò, orin sì ń dún: "ẸGBẸ́ ÀWỌN TÓ Ń WÁ AYA. Ẹ KÁÀBỌ̀, ÀPỌ́N!"

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Ìbejì, ta ni àpọ́n?"

"Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ni."

"Sáyẹ́ǹsì ló ń wá aya?"

Ó sáré wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀, ó dá ojú-ewé àtijọ́ padà. Ó pa á dé, ó tún un ṣí. Ẹ káàbọ̀, àpọ́n! Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Ẹ káàbọ̀, àpọ́n! Ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ni òmíràn bá yọ: "Kọ̀ǹpútà yìí ń ṣàìsàn. Ara rẹ̀ á yá. Tẹ ÀMÍN."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, títí òun náà fi tẹ́. Kọ̀ǹpútà ti wá ń fi ẹnu ara rẹ̀ kígbe báyìí: "Àpọ́n! Àpọ́n!" Obìnrin ilé kejì yọ orí lójú fèrèsé: "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ti kó jáde ni?"

Àbúrò ìyàwó jáde, ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú.

"Bọ̀ọ̀dá! Kí lẹ ṣe sí i?"

"Èmi kẹ̀? Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

Aago mẹ́wàá sì lù. Obìnrin onígíláàsì kan àti ọkùnrin kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìkíni, obìnrin náà ní, "Jẹ́ ká máa rí ojú kọ̀ǹpútà rẹ, ká wo bí o ṣe ń ṣiṣẹ́." Kí ni ọmọ yẹn fẹ́ ṣe? Ó fi hàn wọ́n. Obìnrin náà bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Àpọ́n ló ṣì rí.

Mo-Ti-Mọ̀ bẹ́ sí iwájú. "Ẹ má ṣèyọnu! Ojú-ewé yẹn la kàn máa yí padà."

Ọmọ náà rọra fi ohùn iṣẹ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ti yí i padà, sà?"

"Ó... ó pọ̀ díẹ̀."

"Ó sì ń padà wá?"

"Ó ń padà wá."

"Ohun tó ń gbé e padà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà ni. Kí lẹ fi sí i?"

"N kò fi nǹkan kan sí i o! Àdúrà ni mo ṣe àmín sí."

Ọkùnrin tó wà lójú kọ̀ǹpútà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ibi tí àwọn àfikún máa ń wà, ó yọ gbogbo èyí tí kì í ṣe òun ló fi síbẹ̀, ó yọ ohun ọ̀fẹ́ tó kó wọn wá, kó tó wá dá ojú-ewé àtijọ́ padà. Ó pa á dé, ó tún un ṣí. Kẹ́kẹ́ pa, kò sí àpọ́n mọ́.

Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Obìnrin náà ní, "O ti ríṣẹ́. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé." Ìyá Ìbejì ju ìgbálẹ̀ nù, ó ń jó. Mo-Ti-Mọ̀ náà tún fìlà rẹ̀ dé, ó ti ń wúkọ́ kó lè sọ̀rọ̀.

"Ó ku ohun kan," ni obìnrin náà wí. "Bàbá tí o mú wá láti ṣe bí oníbàárà tí kò mọ nǹkan kan yẹn, níbo lo ti rí wọn? A ti ń wá irú wọn tipẹ́ láti máa fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun. Àṣejù ni àwọn yòókù tó ń ṣe bí oníbàárà máa ń ṣe. Tiwọn yìí dà bí òótọ́!"

Gbogbo ilé wo Mo-Ti-Mọ̀. Ó fọwọ́ họ orí. Pé kí iṣẹ́ sì kọjá òun báyìí, kò wù ú.

"Kí ni kí n lọ kọ́ sílẹ̀ kí n tó wá?"

"Rárá o, sà," ni obìnrin náà wí. "Ẹ má kọ́ ohunkóhun. Bí ẹ ṣe wà yẹn gan-an la fẹ́ yín."